Etí odò ni wọ́n wà, itọ́ ni wọ́n fi ń ṣan ọwọ́: Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta

Bí ọ̀sán bá pọ́n ní Òkè-Ìléwó, l'Abẹ́òkúta, ẹni tí ebi ń pa kò ní í wá oúnjẹ tì. Ní ojú títì kan náà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ tò sí, ibẹ̀ ni àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé wà, tí wọ́n ń ta ìrẹsì funfun, adìẹ díndín àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba. Bí ènìyàn bá sì yà díẹ̀ kúrò lójú títì, yóò bá àwọn ìyá olóúnjẹ tí wọ́n ń ro láfún, tí ewédú wọn sì ń fà yọ̀ọ̀ nínú ìkòkò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lọ́nà Alábàtà náà máa ń wá sí àdúgbò yìí, yálà wọ́n wá rí báńkì ni tàbí wọ́n wá ra nǹkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àwo oúnjẹ kan, kì í pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wọ ọkọ̀ padà sí yàrá wọn, tí wọ́n á sì gbé omi kaná fún Indomie.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di àrògún ni irú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ náà ń lọ. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àgbẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FUNAAB, ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ilẹ̀ tí ó tó 10,000 hẹ́kítà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀ bí a ṣe ń gbin iṣu, bí a ṣe ń sin ẹran àti ẹja, bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kí ó má bàjẹ́, àti irú oúnjẹ tí ara nílò. Odidi ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ jíjẹ àti ìlera níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ sì ń lo ọdún kan lóko kí wọ́n tó gba oyè. Àwọn àgbà sọ pé a kì í gbé ẹ̀bá odò ká fi itọ́ ṣan ọwọ́. Kí ló wá dé tí àwọn tí wọ́n ń kọ́ nípa oúnjẹ fi ń ṣe wàhálà kí wọ́n tó rí oúnjẹ gidi jẹ?

Oúnjẹ tó gbẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú ọgbà yunifásítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń fi ẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìjẹun ní gbọ̀ngàn Nnamdi Azikiwe, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ wọn mọ́. Àwọn ọlọ́pàá dé, ìbọn dún, ọta sì ba Kúnlé Adépéjú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn títí di òní.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 1978, ìjọba ológun fi owó kún owó oúnjẹ àti owó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àádọ́ta kọ́bọ̀ tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ òòjọ́ ló dá rúkèrúdò sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣẹ́gun Òkéowó, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, àwọn mìíràn sì kú ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ Ẹ̀gbá, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni olórí ìjọba nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn kò lè fi òpin sí, ọ̀dá owó fi òpin sí i. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, ìjọba yọwọ́ kúrò nínú bíbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Láti ìgbà náà ni ilé ìjẹun tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso ti di ìtàn, tí ó sì di pé àwọn olóúnjẹ aládàáni ló ń gba ààyè nínú ọgbà. Onígbá wá di igbá rẹ̀ mú, ọlọ́wọ̀ọ́ di ọwọ́ọ̀ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1988 ni yunifásítì àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta dá dúró. Nítorí náà, kò bá ìgbà tí ìjọba ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ́ìn, láàrin ìlú, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí ọ̀nà Alábàtà, níbi tí ọjà Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá ti jìnnà sí akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 1988 yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ Tolaram kọ́kọ́ kó Indomie wọ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1995, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Ọdún kan náà ni yunifásítì àgbẹ̀ àti oúnjẹ oníṣẹ́jú mẹ́ta dé, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì fìdí kalẹ̀ sí. Nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, Indomie ló borí.

Owó, iná àti àsìkò

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé ojúkòkòrò àti ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ọmọ ìwòyí, pé wọn kò fẹ́ dáná ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ọgbọ́n àìní ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dá.

Ìṣirò àkọ́kọ́ ni ti owó. Àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ìyẹn NELFUND, tí òfin rẹ̀ di fífọwọ́sí ní oṣù kẹrin 2024, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè fún owó ìgbọ́bùkátà ní N20,000 lóṣù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pín owó náà sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó N670 lójúmọ́. Bí ó bá fẹ́ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ kan kò ní í ju nǹkan bí N220 lọ, kò sì tíì wọ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ṣe ẹ̀dà ìwé kankan. Ó sì yẹ kí a rántí pé owó yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́, gbèsè ni. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ ti dé 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọdún kan. Wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò náà ṣe ní 2025, iye náà sì wálẹ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n kí iye náà wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé oúnjẹ ti padà sí iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sáré gòkè bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Ìṣirò kejì ni ti iná. Ẹ̀wà jẹ́ oúnjẹ tó ń ṣara lóore jù lọ fún ẹni tí kò lówó ẹran, ṣùgbọ́n ó lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná kó tó rọ̀. Indomie kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Fún ẹni tó ń fi ìwọ̀nba owó ra gáàsì, tí kò sì sí iná mànàmáná tó ṣeé gbọ́kàn lé, iye tí ẹ̀wà fi wọ́n ju iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ. Kò sí fíríìsà tí yóò tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sí, nítorí náà kò lè sè é sílẹ̀ de ọjọ́ mẹ́ta.

Ìṣirò kẹta ni ti àsìkò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ìta ọgbà gbọ́dọ̀ tètè jí wọ ọkọ̀, kí iṣẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ má bàa fò ó. Bí ó bá fi máa padà délé, ilẹ̀ ti ṣú. Ta ni yóò máa lọ ewédú, tí yóò máa ṣa ẹ̀wà nígbà náà?

Ohun tí ara ń san

Indomie kì í ṣe májèlé, kò sì sí ẹni tó yẹ kó pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ẹja sí i, oúnjẹ ni ó jẹ. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni ibi tí ó ti di pé òun nìkan ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, àti pé ó yẹ kó jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní 400 gíráàmù. Èròjà amọ́bẹ̀dùn inú àpò Indomie kan ń kó ìpín tó pọ̀ nínú iyọ̀ òòjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀fọ́ tó ṣeé fojú rí nínú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tì í, ṣúgà ti dé bá iyọ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá mọ ewu ṣúgà yìí, ìdí nìyẹn tí òfin ìsúná 2021 fi gbé owó orí N10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan. Ọmọ ogún ọdún kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń jẹun ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tó kọ́kọ́ kúrò lábẹ́ òbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹun lọ. Èyí tó tètè ń hàn ni àárẹ̀ ọkàn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Apá mìíràn tún wà níbẹ̀, ìyẹn ni ti ilẹ̀ àti àyíká. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe Indomie àti búrẹ́dì, èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò ló sì ń ti òkè òkun wá. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, tí iye àlìkámà fò sókè lágbàáyé, akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà náà pín nínú ìyà ogun tí kò mọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá tó yí ọgbà náà ká, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rá àti abọ́ fóòmù ló ń ṣẹ́kù, tí wọ́n ń dí gọ́tà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù yẹn ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ àti àbàrí kì í dí gọ́tà, jíjẹrà ló ń jẹrà.

Ìmọ̀ wà, àwo ṣófo

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé yunifásítì náà kò ṣiṣẹ́. Ní 2008 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wọ inú iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú Yunifásítì Greenwich ní ìlú Òyìnbó àti owó ìrànwọ́ àjọ Bill àti Melinda Gates. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni iṣẹ́ náà kàn: Nàìjíríà, Gáná, Tanzania, Uganda àti Malawi. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó dára ni wọ́n ń wá, èyí tí wọ́n ń bó, tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù tí wọ́n sì ń yára gbẹ láìjẹ́ kó kan, kí ó lè ṣeé pò mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ní ti ẹran, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ìran adìẹ kan dàgbà láti ara adìẹ ìbílẹ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ forúkọ adìẹ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ FUNAAB Alpha.

Bí ìmọ̀ bá wà báyìí, kí ló dí i lọ́nà àwo oúnjẹ? Ìtàn búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lè là wá lójú. Ọbásanjọ́ kan náà tí ìjọba rẹ̀ fi owó kún oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní 1978 ni ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, tí ó dá ètò ìdàgbàsókè ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní 2002, tí ó sì pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí àwọn ọlọ́lọ̀ máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sínú ti àlìkámà. Lẹ́yìn tí ó gbéjọba sílẹ̀ ní 2007, àṣẹ náà rọ. Ìjọba Goodluck Jonathan tún gbé e dìde nígbà tí Akínwùmí Adésínà ń ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó pọ̀ jù lọ́jà lónìí, ti àlìkámà ni. Kì í ṣe pé ìwádìí kò yọrí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jẹ́ oníbàárà tó dájú: àgbẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò ra ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, oníbúrẹ́dì kò mọ ibi tí yóò ti rí ìyẹ̀fun náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣe ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ìlú Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ìrẹsì tí wọn kò bó kanlẹ̀ ni, nítorí náà èèpo inú rẹ̀, tí ń ṣara lóore, ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà kan, oúnjẹ àgbẹ̀ ni. Lónìí, oúnjẹ òde ìyàwó ni, ewé ni wọ́n sì ń fi pọ́n ọn fún àwọn tó lówó lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ń gbin ín lè má lówó láti rà á.

Ẹjọ́ tí àwọn tó lòdì ń rò

Àwọn kan yóò sọ pé àgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ohun tó bá wù ú ni kó jẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohun kan ṣoṣo wà níwájú rẹ̀, kò tíì yan nǹkan kan. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kí wọ́n padà sí láfún bí àwọn baba ńlá Ẹ̀gbá ti ṣe, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ìyẹn náà kò tó. Láfún nìkan kò lè bọ́ ènìyàn, nítorí ẹ̀gẹ́ kò ní èròjà tí ń mú ara dàgbà tó. Ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ pípé. Èyí tí wọ́n bá sì sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí eruku àti èéfín ọkọ̀ ń bà lé e, tàbí tí wọn kò rẹ pẹ́ tó kí oró inú ẹ̀gẹ́ kúrò, ewu ni òun náà jẹ́. Níbi yìí gan-an ni ìmọ̀ yunifásítì ti wúlò, nítorí àwọn ni wọ́n mọ bí a ṣe ń gbẹ ẹ̀gẹ́ láìsí eruku.

Àwọn kẹta yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilé ìdáná, pé owó tí ìjọba ń fún un kò tó san owó iná. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí àsìkò oúnjẹ ọ̀fẹ́ padà dé. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan ṣì wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ná an ní kọ́bọ̀: òun ló ni ilẹ̀ tí àwọn olóúnjẹ ń tà lé lórí nínú ọgbà.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀

Orílẹ̀-èdè Brazil ṣe òfin ní 2009 pé, nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń ná sórí oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé, ó kéré tán, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Nílé níbí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóúnjẹ ní 2012, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú èrò pé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ agbègbè ni wọn yóò ti máa ra oúnjẹ. Àwọn ètò yìí ní àléébù tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú wọn kò ṣòro: ẹni tó bá ń ra oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pinnu ohun tí àgbẹ̀ yóò gbìn àti iye tí oúnjẹ yóò jẹ́.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ló ń jẹun lójúmọ́ ní ọ̀nà Alábàtà. Oníbàárà tó dájú tí búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ kò rí, òun nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ lè dín owó ṣọ́ọ̀bù kù fún olóúnjẹ tó bá gbà láti máa ta oúnjẹ kan tí kò wọ́n lójoojúmọ́, bí ẹ̀wà àti ẹ̀kọ, láfún àti ewédú, tàbí àbàrí, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ó lè jẹ́ kí àwọn olóúnjẹ náà para pọ̀ ra ẹ̀wà àti gáàsì lápapọ̀, nítorí ìkòkò ẹ̀wà ńlá kan kì í jẹ iná tó ọgọ́rùn-ún ìkòkò kéékèèké nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ẹyin, adìẹ àti ẹ̀fọ́ tó bá jáde látinú oko ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́kọ́ gba inú ọgbà kọjá kó tó lọ sọ́jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera lè máa yẹ ìkòkò wò, kí ó jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn aṣíwájú wọn fi ẹ̀mí dí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní 1971 àti 1978, lè béèrè fún èyí láì ju òkò kan.

Ìdánwò tó wà níwájú àwọn aláṣẹ kì í ṣe ti inú ìwé. Adìẹ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi owó òkè òkun ṣe ìwádìí rẹ̀, àti ilẹ̀ 10,000 hẹ́kítà, ohun iyì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ ọlọ́dún kejì bá lè jẹ láfún àti ewédú tí ẹja wà nínú rẹ̀ nínú ọgbà, ní iye tí N20,000 oṣù rẹ̀ lè gbé, tí kò ní láti sáré kúrò ní Òkè-Ìléwó lọ gbé omi kaná, ọjọ́ náà ni wọn yóò tó mọ̀ pé ìwádìí náà ti parí. Ẹni tó wà létí odò, omi ló yẹ kó fi ṣan ọwọ́.